Fàúsát àti Ìṣù Pákó Dópẹmú

Aṣọ funfun tí ilé-iṣẹ́ aṣọ tó ti ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ hun ni wọ́n fi di òkú Suara gbé jáde. Bọ́ílà ló bú pa á, ìyẹn ìkòkò irin ńlá tó ń se omi fún ẹ̀rọ ìpaláró wọn ní òpópónà Ọba Akran, n'Ìkẹjà. Oṣù Kẹta ọdún 1989 ni. Èmi àti Fàúsát ìyàwó rẹ̀ la jọ sáré débẹ̀, nítorí inú ilé kan náà là ń gbé ní Dópẹmú, yàrá tèmi ló kọjú sí tiwọn. Nígbà tí a dé ẹnu géètì, òórùn epo àti ti ẹran tó jóná ti gba gbogbo àdúgbò. Páànù òrùlé ilé bọ́ílà ti fò lọ há sórí igi. Fàúsát bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ṣí aṣọ náà, ó wo ohun tó wà níbẹ̀, ó sì tún un bò. Kò sunkún. Ó kàn ń fi ọwọ́ nu ẹsẹ̀ òkú náà ṣáá ni, nítorí ẹsẹ̀ nìkan ni iná kò dé.

Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni Fàúsát nígbà náà. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti bí i, ibẹ̀ náà sì ni Munirat, ọmọ kan ṣoṣo tí òun àti Suara bí, ń gbé lọ́dọ̀ ìyá àgbà, tó sì ti ibẹ̀ ń lọ sí ilé-ìwé. Ẹ̀yìn pákó ni Fàúsát ń tà. Èèpo gẹdú tí ẹ̀rọ bá là dànù, tí kò ṣe é fi kan ohunkóhun, ni ó máa ń rà ní ilé ìlagi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin Agége, á sì tà á fún àwọn tó ń yan ẹja. Obìnrin gíga ni, eegun rẹ̀ le, ohùn rẹ̀ sì rinlẹ̀ bíi ti ọkùnrin. Bí inú bá ń bí i, kì í pariwo. Ńṣe ni ohùn náà máa ń lọ sílẹ̀ sí i.

Lọ́jọ́ kẹjọ òkú, Àlàmú wá sílé. Òun àti Suara ni wọ́n jọ ń ṣọ́ bọ́ílà náà. Ojú rẹ̀ kan ti fọ́, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà nínú báńdéèjì. Ó jókòó sórí àpótí, ó ní:

"Ìyá Munirat, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ kó tó pa èmi náà. Bàbá Munirat kìlọ̀ fún wọn. Epo dúdú tí à ń lò tẹ́lẹ̀ ti wọ́n gógó látìgbà tí ìjọba ti gbé Sáàpù wọn dé, tí owó náírà já wálẹ̀. Máníjà wa bá lọ ra dísẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́ Déolú. Ọkọ yín ṣí dúrọ́ọ̀mù, ó gbóòórùn ẹ̀, ó ní bẹntiróòlù wà nínú epo yìí. Wọ́n ní kó dáná tàbí kó máa lọ sílé. Ó bá dáná."

"Déolú wo?"

"Èyí tó ní sítọ́ọ̀ epo ní ìkóríta Dópẹmú."

"Èyí tí èmi náà ń ra kẹrosíìnì lọ́wọ́ rẹ̀?"

Àlàmú ní òun náà ni. Fàúsát dìde, ó wọ ilé ìdáná, ó gbé sítóòfù kẹrosíìnì rẹ̀ jáde sí àárín ọgbà, ó mú ọmọ odó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú. Ó lù ú títí ó fi di pẹlẹbẹ, epo sì ń tú sí i lẹ́sẹ̀. Baálé ilé wa sáré jáde láti bá a wí, ṣùgbọ́n nígbà tó rí ojú rẹ̀, ó yípadà wọlé.

"Láti òní lọ," Fàúsát wí, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ pátápátá, "ẹ̀kán epo Déolú kan ò ní gbóná lábẹ́ ìkòkò mi mọ́."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kò sí ọgbọ́n ìwé kankan níbẹ̀. Ìbínú ni.

Lẹ́yìn ilé ìlagi Agége yẹn, ìyẹ̀fun pákó tí ayùn ń tu sílẹ̀ ti di òkè. Kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ. Wọ́n á finá sí i kó lè dínkù, òjò á rọ̀ lé e lórí, èèyàn á rò pé iná ti kú, bẹ́ẹ̀ yóò máa jó lábẹ́lẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ní oṣù Karùn-ún, ewúrẹ́ kan gun orí rẹ̀. Ilẹ̀ là lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó rì dé ọrùn, ó sì jóná láàyè níṣojú wa. Igbe rẹ̀ dà bí igbe ọmọdé. Kò sẹ́ni tó lè sún mọ́ ọn. Gbogbo wa ń sá sẹ́yìn, Fàúsát nìkan ló dúró tó ń wo ihò pupa náà.

"Ẹ wo irú ooru tí wọ́n ń dà nù," ó wí.

Kò rọrùn o. Ìyẹ̀fun pákó tí a bá kàn dà sínú ààrò, ńṣe ló ń pa iná, èéfín rẹ̀ á sì lé gbogbo ayálégbé jáde. Ó kọ́kọ́ lo agolo ńlá kan: ó gbé ìgò sí àárín rẹ̀, ó ki ìyẹ̀fun pákó yí ìgò náà ká gbọn-in gbọn-in, ó wá rọra yọ ìgò kúrò kí ihò lè kù síbẹ̀. Ó lu ihò kékeré sí ìdí agolo, ó finá síbẹ̀. Ìyẹn jó láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ó sì se ẹ̀wà jinná. Ṣùgbọ́n kò ṣe é tà, torí bí èèyàn bá gbé e rìn, á wó. Fàúsát wá ń wá ohun tí yóò mú un lẹ̀ mọ́ra. Ó fi ẹ̀kọ ẹ̀gẹ́ pò ó, eku jẹ ẹ́ tán. Ó fi amọ̀ pò ó, eérú rẹ̀ pọ̀ ju iná rẹ̀ lọ. Ìwé ìròyìn àtijọ́ tí a rẹ sómi títí ó fi rí bí ògì ló padà dì í mú.

Ilésanmí, ọmọ Èkìtì kan tó ń jó irin pọ̀ lẹ́bàá títì, ló bá a ṣe ẹ̀rọ tí a fi ń fún un pọ̀. Jáàkì lọ́rì ni wọ́n fi ṣe é, pẹ̀lú páìpù tó nípọn tí wọ́n lu ihò sí lára káàkiri kí omi lè máa ro jáde, àti ọ̀pá irin gígùn tí a ó máa tẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ dán an wò, jáàkì yọ̀, ọ̀pá náà ta sókè, ó gbá Fàúsát lẹ́nu. Eyín iwájú méjì já bọ́ sínú ìyẹ̀fun pákó.

"Yéè! Ìyá Munirat, ẹ jẹ́ ká jáwọ́!" Ilésanmí figbe ta.

Fàúsát tu ẹ̀jẹ̀ dà nù. "Tún ojú irin yẹn jó pọ̀. Kó nípọn ju báyìí lọ."

Ohun tó jáde nínú páìpù náà gùn bí apá ọmọ ọwọ́, ó sì le bí igi gan-an nígbà tí oòrùn sá a fún ọjọ́ mẹ́fà. Ìṣù pákó ni a sọ ọ́.

Ẹni tó kọ́kọ́ ṣe pàtàkì nínú àwọn tó rà á ni Rachael, obìnrin Ìjẹ̀bú tó ni békìrì tí mo ti ń po fúláwà. Igi ni ààrò búrẹ́dì rẹ̀ ń jẹ nígbà ayé ìyá rẹ̀. Nígbà tí owó epo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn ní ìlú, wọ́n ní igi ti di ti ayé àtijọ́, wọ́n sì gbé ẹ̀rọ tó ń fi dísẹ́ẹ̀lì tu iná síbẹ̀. Ní báyìí, bí dísẹ́ẹ̀lì kò bá sí, a ó jókòó máa wojú ara wa. Èmi ni mo mú Fàúsát lọ bá a.

"Fúláwà nìkan ni ìyẹ̀fun tí mo mọ̀," ni Rachael wí, ó ń yí ìṣù náà lọ́wọ́. "Kí n wá fi ìdọ̀tí pákó dá búrẹ́dì, kí àwọn oníbàárà mi máa tu èérún igi lẹ́nu?"

"Ẹ jẹ́ kí n dáná sí ààrò yín lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mà. Bí búrẹ́dì yẹn bá bàjẹ́, ẹ fi ìṣù yìí lù mí."

A finá sí i. Kò bú gbàmù bíi ti dísẹ́ẹ̀lì. Ó gbiná díẹ̀díẹ̀, ó pọ́n, ó sì dúró bẹ́ẹ̀ títí bíríkì ààrò fi mu ooru náà yó. A wa eérú jáde, a ki búrẹ́dì wọlé. Nígbà tí a yọ wọ́n, Rachael fa ọ̀kan ya ní gbígbóná, ó gbóòórùn rẹ̀, ó jẹ ẹ́, kò sọ̀rọ̀. Ó kàn yíjú sí ẹ̀rọ dísẹ́ẹ̀lì náà, ó ta á nípàá.

"Ẹ gbé òkú yìí kúrò níwájú mi," ó wí.

Nígbà tí a ó fi dé ọdún 1992, àwọn ayanja ń lò ó, àwọn tó ń se ọṣẹ ń lò ó, ilé-iṣẹ́ kékeré méjì ní ẹ̀yìn Ìkẹjà tó ti ń ra dísẹ́ẹ̀lì Déolú tẹ́lẹ̀ sì ti ń rán ọmọlanke wá sọ́dọ̀ Fàúsát. Bẹ́ẹ̀ ni Déolú ṣe fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá. Ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni, ẹni tó máa ń rẹ́rìn-ín kó tó sọ̀rọ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀ nínú Pijó rẹ̀ lọ́sàn-án, ó wo ìṣù pákó tí a sá káàkiri ọgbà.

"Ìyá, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo gbọ́ pé ẹ ti sọ igi di epo."

"Ìdọ̀tí ni mo sọ di iná, sà."

"Ìlú elépo la wà. Epo ni Ọlọ́run fi jíǹkí wa. Ẹ̀yin wá ń dá wa padà sídìí igi bí ará oko."

"Bó bá jẹ́ Ọlọ́run ló fi jíǹkí gbogbo wa, ta ló wá ń kó o pamọ́?"

Ẹ̀rín kúrò lójú Déolú. "Ẹ ṣíwọ́, Ìyá. Ọ̀wọ̀ ni mo fi ń sọ ọ́."

"Epo tí ẹ tà ló sun ọkọ mi."

"Ẹ̀rí dà?"

"Ẹ lọ hú u jáde, kẹ́ ẹ bi í."

Ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn rẹ̀, ní ọ̀sán gangan, ọkùnrin mẹ́rin wọ ọgbà wa pẹ̀lú àdá àti páìpù irin. Kazeem ló ṣáájú wọn, ọmọ garéèjì tí gbogbo Dópẹmú mọ̀, ẹni tí Déolú ń bọ́. Ilésanmí ni wọ́n kọ́kọ́ bá. Wọ́n fi páìpù fọ́ ọ létí, ó ṣubú lulẹ̀ bí àpò ẹ̀wà, wọ́n sì tún ń lù ú nílẹ̀. Wọ́n tẹ ìṣù pákó fọ́, wọ́n da dísẹ́ẹ̀lì sórí èyí tó kù, wọ́n ṣáná sí i. Gbogbo ayálégbé ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Èmi ń wò láti ojú fèrèsé.

Wọ́n fẹ́ gbé ẹ̀rọ náà lọ. Fàúsát fi ọwọ́ méjèèjì di ọ̀pá irin rẹ̀ mú.

"Ìyá, jọ̀wọ́ irin yẹn," Kazeem wí.

"Mi ò jọ̀wọ́ ẹ̀."

"Mo ní o jọ̀wọ́ ẹ̀!"

"Tèmi ni."

Kazeem gbé àdá sókè, ó sọ ọ́ kalẹ̀ lórí ọ̀pá irin náà. Ìka mẹ́ta ní ọwọ́ òsì Fàúsát já bọ́ sílẹ̀. Mo gbọ́ ìró irin lára irin, mo gbọ́ igbe kan tí mi ò mọ̀ pé èmi ni mo ké e. Síbẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò kúrò lára ọ̀pá. Kazeem wò ó, ó wo ìka tó wà nílẹ̀, ẹ̀rù sì ba òun náà. Mo rí i. Wọ́n fi ẹ̀rọ sílẹ̀, wọ́n sá lọ.

Gèlè mi ni mo fi di ọwọ́ náà. Ní àgọ́ ọlọ́pàá, ẹni tó jókòó sídìí tábìlì bi wá bóyá a mú bẹntiróòlù wá, nítorí mọ́tò wọn kò lépo tí wọn yóò fi lọ mú ẹnikẹ́ni. Fàúsát bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀jẹ̀ ń kán sórí sìmẹ́ǹtì wọn, ó ń rẹ́rìn-ín, títí ó fi dákú.

Ilésanmí kò kú, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ kan dí. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá gbé e lọ sí Èkìtì, kò sì padà mọ́. Rachael ló ní kí a gbé ẹ̀rọ náà wá sí ẹ̀yìn békìrì òun, níbi tí ògiri ti ga. Ibẹ̀ ni Fàúsát ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn obìnrin míì níṣẹ́, nítorí ọwọ́ kan àbọ̀ kò tó tẹ ọ̀pá. Ẹni àkọ́kọ́ ni Simbiat, ọmọ Sàídátù, aládùúgbò wa tí òun náà wá láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ilé-iṣẹ́ kan tó ti lé ìdajì òṣìṣẹ́ rẹ̀ dà nù ní àsìkò Sáàpù ló lé Simbiat dà nù. Ẹni ọdún méjìlélógún ni, ó lágbára ju ọkùnrin méjì lọ, ó sì lẹ́nu. Bó bá ń tẹ ọ̀pá, á ní Déolú ni òun ń tẹ̀ lọ́rùn yẹn. Òun nìkan ló lè mú Fàúsát rẹ́rìn-ín débi pé kó gbàgbé láti fi ọwọ́ bo àlàfo eyín rẹ̀.

Ní oṣù Keje ọdún 1994, àwọn òṣìṣẹ́ elépo da iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ìbò tí àwọn ológun wọ́gi lé lọ́dún tó ṣáájú. Títì dá. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ báǹkì ní Allen Avenue ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀ láti Agége pẹ̀lú táì lọ́rùn. Àwọn ilé-iṣẹ́ Ìkẹjà ń ti géètì lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí kò sí ohun tí wọn yóò dà sínú ẹ̀rọ. Békìrì wa nìkan ni èéfín ń jáde nínú rẹ̀ ní gbogbo ẹ̀yìn ìkóríta yẹn. Obìnrin mẹ́fà ló ń tẹ ìṣù pákó láti ìdájí. Láti aago mẹ́fà àárọ̀ ni èèyàn ti máa ń tò síwájú géètì, ìjà sì máa ń bẹ́ sílẹ̀ kó tó di aago méje. Ìyá kan gé ọkùnrin kan jẹ létí nítorí búrẹ́dì kan ṣoṣo, ó sì jẹ búrẹ́dì náà pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ lẹ́nu.

Kẹrosíìnì kò sí, àfi lọ́wọ́ Déolú, tìjà-tìjà ni èèyàn sì fi ń rí i rà. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù Kẹjọ, ìyàwó Abdulhakeem télọ̀ tan sítóòfù láti fi se ògì àárọ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀ méjì. Epo Déolú ló wà nínú sítóòfù náà. Ó bú. Nígbà tí Abdulhakeem fi ọwọ́ lásán ya ilẹ̀kùn, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti lẹ̀ mọ́ ara wọn.

Wọ́n gbé òkú wọn sórí ilẹ̀kùn tó fà ya, wọ́n gbé e gba ìkóríta kọjá, àwọn èrò sì ń pọ̀ sí i lẹ́yìn wọn. Wọ́n fọ́ sítọ́ọ̀ Déolú. Dúrọ́ọ̀mù kan kò sí níbẹ̀ mọ́, ó ti kó gbogbo rẹ̀ lọ, òun fúnra rẹ̀ sì ti lọ. Kazeem tó fi sílẹ̀ láti máa ṣọ́ ilé ni wọ́n bá. Wọ́n lù ú pẹ̀lú òkúta, pẹ̀lú igi, pẹ̀lú bàtà. Wọ́n fi táyà kọ́ ọ lọ́rùn. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè bẹntiróòlù, kò sì sí ẹ̀kán bẹntiróòlù kan ní gbogbo Dópẹmú.

"Iná wà ní békìrì!" ẹnì kan kígbe.

Bí a ṣe gbọ́ ariwo nìyẹn, géètì sì já wọlé. Fàúsát dúró ní ẹnu ààrò pẹ̀lú ọ̀pá irin tí a fi ń tú iná, orí ọ̀pá náà ti pọ́n. Ìṣù pákó tó ti gbẹ wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ga dé èjìká. Wọ́n wọ́ Kazeem dé iwájú rẹ̀, wọ́n jù ú sílẹ̀. Ojú rẹ̀ ti wú bo ara rẹ̀. Kò bẹ̀bẹ̀. Ó kàn ń fi ọwọ́ wá bí yóò ṣe bọ́ táyà náà lọ́rùn.

Abdulhakeem jáde láàárín èrò. Awọ ọwọ́ rẹ̀ ti bó, ó ń so rọ̀.

"Ìyá Munirat, ẹni tó gé yín níka rè é. Ẹ fún wa ní iná."

Fàúsát wo Kazeem. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ìka mẹ́ta tí kò sí mọ́ yẹn ń ta òun bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gé wọn ni, pé òun fẹ́ ẹ, òun fẹ́ gbóòórùn rẹ̀ bó ṣe ń jó. Ó gbé ọ̀pá pupa náà sókè. Àwọn èrò hó yèè. Ó sì yí orí ọ̀pá náà sí wọn.

"Abdulhakeem, mo mọ ohun tó wà níkùn rẹ. Mo ti rí i nínú aṣọ funfun. Ṣùgbọ́n iná tí mo fi ń bọ́ èèyàn, mi ò ní fi sun èèyàn."

"Ẹ̀yin ò pàdánù ọmọ méjì sínú iná!"

"Òótọ́ ni. Ta ló ta epo fún ọ?"

"Déolú!"

"Ṣé Déolú lèyí? Bí a bá sun èyí, Déolú á ra òmíràn. Ẹ lọ wá Déolú."

"Ẹ gba iná lọ́wọ́ ẹ̀!" ẹnì kan pariwo láti ẹ̀yìn. Òkúta fò, ó bà á níwájú orí. Ẹ̀jẹ̀ dà bò ó lójú, kò kúrò. Ọkùnrin kan sún mọ́ ọn, Fàúsát fi ọ̀pá náà kàn án láyà, aṣọ àti awọ rẹ̀ sì jọ jóná. Simbiat ju ohun tó ń ṣe sílẹ̀, ó mú ọ̀pá ẹ̀rọ, ó wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ níwájú ìṣù pákó.

"Ẹni tó bá láyà kó wá!" Simbiat wí.

Ìgbà náà ni àwọn sójà dé. Lọ́rì kan ni wọ́n kún. Wọn kò bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yìnbọn láti ẹnu géètì. Mo dùbúlẹ̀ sábẹ́ tábìlì fúláwà, mo ń wo ẹsẹ̀ àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe ń tẹ ara wọn mọ́lẹ̀. Nígbà tó rọlẹ̀, mo gbé orí sókè. Simbiat ti jókòó, ó fẹ̀yìn ti ìṣù pákó bí ẹni tó rẹ̀. Ọta ti gba ọrùn rẹ̀ kọjá. Fàúsát fi ọwọ́ òsì dí ojú ihò náà, ẹ̀jẹ̀ sì ń gba ibi tí ìka kò sí tú jáde.

"Má sùn," ó ń wí. "Simbiat, má sùn. Wò mí."

Ó kú kí Rachael tó débẹ̀. Ọkùnrin méjì mìíràn kú ní ẹnu géètì. Àwọn sójà na Abdulhakeem bí ẹni na bàrà, wọ́n jù ú sínú lọ́rì, wọ́n ju Kazeem náà lé e lórí pẹ̀lú táyà lọ́rùn. Abdulhakeem jáde ní àtìmọ́lé lẹ́yìn oṣù márùn-ún, ó ti rù kan eegun, ó sì kó kúrò ní Dópẹmú. Ní ti Kazeem, a kò gbọ́ ohunkóhun mọ́.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni Sàídátù wá. Ó gbá Fàúsát lójú, ó tún gbá a.

"O gba ọmọ ìta là, o fi ọmọ mi dípò ẹ̀!"

Fàúsát kúnlẹ̀. Sàídátù ń lù ú ní orí tí òkúta ti là, kò gbé ọwọ́ sókè. Àwa la fà wọ́n kúrò lára ara wọn.

Rachael gbìyànjú láti tù ú nínú. "Ìwọ kọ́ lo yìnbọn."

"Èmi ni mo dá wọn dúró síbẹ̀, mà. Bí mo bá fún wọn níná, wọn ò bá ti lọ kí sójà tó dé."

"Wọn ò bá sì ti sun èèyàn."

"Mo mọ̀."

Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nígbà náà tàbí lẹ́yìn náà.

Nínú oṣù Kẹsàn-án, àwọn elépo padà sẹ́nu iṣẹ́. Déolú náà padà. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè ohunkóhun. Kí ọdún 1998 tó parí, ó ti ní ilé epo méjì, wọ́n sì ti fi í joyè. Rachael kò padà sídìí dísẹ́ẹ̀lì. Àwọn obìnrin tó ń tẹ ìṣù pákó ti di mọ́kànlá ní ọgbà mẹ́ta, òkè ìyẹ̀fun pákó tó wà lẹ́yìn ilé ìlagi sì ti lọ sílẹ̀ débi pé èèyàn lè rí ojú irin láti òdìkejì. Munirat parí ilé-ìwé, ó wá bá ìyá rẹ̀ ní Dópẹmú. Fàúsát kò jẹ́ kó fọwọ́ kan ẹ̀rọ.

Láti ìgbà tí Simbiat ti kú, gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, Fàúsát máa ń ru apẹ̀rẹ̀ ìṣù pákó kan lọ sí ẹnu ọ̀nà Sàídátù. Á kúnlẹ̀, á kí i. Sàídátù kì í dáhùn. Bí Fàúsát bá ti yíjú, á gbé apẹ̀rẹ̀ náà, á da gbogbo rẹ̀ sínú gọ́tà. Sàídátù ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún kan, ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún kejì. Mo sọ fún Fàúsát pé kó jáwọ́. Kò jáwọ́. Ní ọdún kẹta, ní ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, èmi ni mo bá a gbé ẹrù náà. Sàídátù jáde, ó wo apẹ̀rẹ̀ tí omi ti ń rin, ó wo obìnrin tó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé apẹ̀rẹ̀ náà wọlé kí òjò má bà á jẹ́. Kò kí i. Ó ti ilẹ̀kùn.